Ìdí Tí Iná Iwájú Ọkọ̀ Fi Máa Ń Wálẹ̀ Bí Sítátà Bá Ń Jí Ẹ́ńjìnnì

Nígbà láéláé, kí ọkọ̀ tó gbàgbé èdè ènìyàn, agbo ilé kan ni ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ọmọ sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ènìyàn ń gbọ́.

Típà kan wà nígbà náà tí ó ń kó yanrìn láti inú odò Àwẹ̀rìn. Jìnádù ni orúkọ awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tó gùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ni alágbára inú típà yìí. Bí ó bá jí, kò sí òkè tí kò lè gùn. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ wúwo bí ọlọ. Kò lè dá jí fúnra rẹ̀ láéláé. Bí èèyàn bá pè é títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní dáhùn.

Sítátà ni ọmọ tí ń jí i. Ọmọ kúkúrú ni, ó ki pọ́pọ́, ìhà bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ní eyín. Bí Jìnádù bá ti yí kọ́kọ́rọ́, Sítátà á na ọwọ́, á ki eyín náà bọ inú kẹ̀kẹ́ ńlá eléyín tó wà ní ìbàdí bàbá, á sì fi gbogbo ara fà á. Bàbá á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ni yóò bá jí. Sítátà á ká ọwọ́ kò, á lọ sinmi.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí Sítátà ń jẹ nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, Fèrè ọkọ̀ kò lè jẹ ẹ́ tán lóṣù kan. Fèrè yìí ni àbíkẹ́yìn ilé, ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ajẹ-kòkò-tán ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Bátìrì ni ó ń bọ́ gbogbo wọn. Inú àpótí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló jókòó sí. Kókó méjì tó yọ sókè lára rẹ̀, ọmú rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wáyà tó wà nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu. Bí bàbá bá sì ti jí, oko ló ń lọ. Ohun tó bá kó bọ̀, àyà ìyá ló ń kó o sí, kí ọmọ lè rí mu lọ́la.

Iná méjì tó wà níwájú ọkọ̀, ìbejì ni wọ́n. Táyé wà lọ́tùn-ún, Kẹ́hìndé wà lósì. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í febi pa ìbejì. Ọjọ́ tí a gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ sí ojú ọkọ̀ ni ìyá ti búra pé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ìbejì ni yóò kọ́kọ́ mu, wọn yóò sì mu yó, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án.

Nítorí náà, láyé ọjọ́un, iná iwájú ọkọ̀ kì í wálẹ̀ rárá. Ì báà jẹ́ pé àyà ìyá kún, ì báà jẹ́ pé ó gbẹ, ojú ìbejì á máa tàn yòò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nílé, ojú ìbejì ló ń wò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fẹ́ parí, ọmú òsì Ìyá Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó wò ó, nǹkan funfun kan ti hù yí ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn ká, ó rí bí ẹfun tí a lọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń mu, oúnjẹ náà ń fi ìnira kọjá, tín-ín-rín tín-ín-rín, bí omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí kò fi sọ ni pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Jìnádù. Jìnádù àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bátìrì kan tó hu funfun nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Jìnádù rẹ́rìn-ín, ó ní bí tòun bá hu bẹ́ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àkìtàn ni òun ń gbé e lọ. Eré ni ó fi ṣe. Kí ó tó mi ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ ni ó ti gbàgbé.

Ìyá kò gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti wo àwọn ọmọ, ohun tó ń rò ni ta ni yóò máa bọ́ wọn bí òun bá di ará àkìtàn. Akísà tí Jìnádù fi ń nu ọwọ́ wà létí àpótí rẹ̀. Ó rọra fà á, ó fi bo ọmú náà. Ní àràárọ̀ ni ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé yóò sàn tó bá di ọ̀la.

Sítátà ni ó kọ́kọ́ fura. Ó bi ìyá léèrè pé kí ló dé tí oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ òun bí ó ti ń dé tẹ́lẹ̀. Ìyá ní kí ó mú un mọ́ra, pé ó rẹ òun díẹ̀ ni. Ọmọ náà kò béèrè mọ́. Ó ń fi ìwọ̀nba tó rí jí bàbá rẹ̀, ó sì ń pẹ́ kí bàbá tó húkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jìnádù wa típà wọ ààrin odò Àwẹ̀rìn, níbi tí yanrìn ti dára jù. Omi ti gbẹ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Àwọn awayanrìn mú ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu yanrìn sínú ọkọ̀. Jìnádù pa Bàbá Ẹ́ńjìnnì, nítorí kò sí ẹni tí ń jẹ́ kí epo máa jó lásán tí wọ́n bá ń bu yanrìn. Ojú ọ̀run ṣú níhà òkè odò, ó sì tan iná iwájú kí àwọn tí ń bu yanrìn lè ríran.

Ọkọ̀ ti kún dé ìdajì nígbà tí obìnrin kan láàrin wọn dá iṣẹ́ dúró. Ó ń wo ilẹ̀. Ìfófó omi díẹ̀ ń rá bọ̀ lórí yanrìn gbígbẹ, ewé tútù sì wà lórí rẹ̀.

Àwọn awayanrìn kì í bá odò jiyàn. Ewé gbígbẹ lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e. Ṣùgbọ́n bí ewé tútù bá gun orí ìfófó, òjò ti rọ̀ lókè odò, omi ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kó ṣọ́bìrì, wọ́n sáré gun bèbè. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó dúró ti Jìnádù. Múdà ni orúkọ rẹ̀. Ó ti bá àwọn mẹ́káníìkì gbé rí fún oṣù méjì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Jìnádù bọ́ sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kà.

Ó dẹwọ́. Ó tún un yí.

Kà.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítátà na ọwọ́, eyín rẹ̀ kan ìbàdí bàbá, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá ń sùn. Ìfófó ti di omi báyìí, pupa bí amọ̀, ó sì ti ń lá ẹsẹ̀ táyà.

Fèrè ní òun mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀, pé ẹni tó bá ń dá kòkò jẹ, ikùn ni yóò pa á lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Múdà mú òòlù, ó yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Sítátà lẹ́yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún sítátà tó bá ń sùn. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí Jìnádù yí kọ́kọ́rọ́. Kà. Ó tún gbá a, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo òòlù tó bà lé ẹ̀yìn ọmọ, àyà ìyá ni ó ń dún sí.

Múdà yọ orí síta, ó tọ́ka sí iwájú ọkọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná yìí, bó ṣe mọ́ roro. Bátìrì kò níṣòro. Sítátà ló ti jóná. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n sáré lọ mú òmíràn wá nílé ọ̀gá mi.”

Jìnádù bi í pé yóò ti pẹ́ tó. Múdà ní nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ni. Jìnádù wo òkè odò. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tú Sítátà kúrò, kò sí ẹni tí yóò jí bàbá mọ́ títí Múdà yóò fi padà. Bí Múdà bá sì pẹ́, omi yóò gbé típà lọ pẹ̀lú gbogbo agbo ilé tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo iná iwájú, ó sì rí i bó ṣe ń tàn yòò. Ó mi orí. Ó ní kí Múdà tú u.

Súpánà bọ́ sí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

“Ìyá,” ni Sítátà wí láti abẹ́ ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. “Mo na ọwọ́. Ọwọ́ mi kan bàbá. Agbára ni kò tẹ̀lé e. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kì í ṣe ọ̀lẹ.”

Ìyá gbọ́. Ó ń rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, àkìtàn ni. Bí òun kò bá sọ ọ́, ọmọ òun ni wọn yóò gbé lọ síbẹ̀. Ó tún ń rò ó pé bóyá Múdà yóò yára, bóyá omi kò ní pọ̀, bóyá.

Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ já sínú omi. Omi ti dé ìdajì táyà. Súpánà bọ́ sí ìkejì, ó sì yí i kíákíá, nítorí kò le tó ti àkọ́kọ́.

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀,” ni ìyá wí. “Èmi ni. Àyà mi ló ń dùn mí, ó ti pẹ́. Oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Múdà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, ó sì gbé súpánà bọ nọ́ọ̀tì kẹta. Ó ní ìyá wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá di ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní bí àyà ìyá bá gbẹ lóòótọ́, ṣé ojú ìbejì á máa dán báyìí. Jìnádù náà tún wo iná, kò sì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Ìgbà náà ni ìyá mọ ohun tí ìbúra rẹ̀ ti ṣe. Ó ti fi ojú ìbejì bo ebi ilé mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òtítọ́ rẹ̀ fi jọ irọ́. Ó yíjú sí àwọn méjèèjì. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n tú òun sílẹ̀ nínú ìbúra náà. Ó ní bí Jìnádù bá tún yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n má mu ṣáájú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n bá Sítátà mu nínú igbá kan náà, kí ohun tó kù ní àyà òun lè hàn lójú wọn.

Táyé kò tíì mọ ebi rí. Ẹ̀rù bà á.

“Ìyá, ṣé ó máa ń dunni?”

“Ó máa ń dunni díẹ̀,” ni ìyá dáhùn. Kò parọ́ fún un.

Kẹ́hìndé wo omi tó ń gòkè. Òun ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ó dé.

“Ẹ kò jẹ́ ká mọ̀ pé ebi wà nílé,” ló sọ. “Ká ní a mọ̀ ni, ṣé à bá máa tàn báyìí lójú Sítátà? Táyé, bọ́ síwájú. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.”

Jìnádù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Múdà gbé súpánà kúrò lára nọ́ọ̀tì kẹta. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò sì wo ibòmíràn àfi iwájú ọkọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìbejì ti ń ṣubú sórí omi.

Kà.

Ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀. Funfun rẹ̀ di pupa, pupa náà sì di bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Ó kù díẹ̀ kí òkùnkùn bo orí omi. Nígbà tí Jìnádù dẹwọ́ lára kọ́kọ́rọ́, ojú ìbejì padà mọ́.

Jìnádù fò bọ́ sínú omi. Ó ṣí àpótí irin, ó sì ká akísà kúrò.

Ìyá kò lè wò ó lójú. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ àkìtàn. Jìnádù wo ẹfun náà, ó wo akísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rántí igi àti ẹ̀pà àti ẹ̀rín.

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ló wí. “N kò mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré ọjọ́ náà.”

Ó fa ọ̀bẹ yọ lápò. Ó tú ìdí wáyà, ó ha ọmú náà títí òjé fi yọ, ó ha ẹnu wáyà náà títí bàbà fi pọ́n. Ó dun ìyá, kò sì pariwo. Jìnádù fi akísà nu ún gbẹ, ó dá wáyà padà, ó sì so ó le dáadáa. Lábẹ́ ọkọ̀, Múdà ń fi ọwọ́ wá nọ́ọ̀tì tó já sínú omi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò rí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó fún ìkejì le padà, ó fún ìkẹta le sí i. Nígbà tó jáde, omi ti dé ìgbáròkó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu fún Sítátà, ó ní kí ó forí ji òun, kí ó sì dákun ṣe kíá.

Jìnádù gun orí ìjókòó. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ojú ìbejì wálẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ní tọ̀tẹ̀ yìí, bí ọmọ tó tẹrí ba. Sítátà rí agbára náà bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, gbígbóná, tó nípọn, irú èyí tí kò tíì mu láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ki eyín bọ ìbàdí bàbá. Ó fà. Bàbá húkọ́. Omi ń wọ ibi tí Jìnádù ń gbé ẹsẹ̀ lé. Sítátà tún fà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì péré tó mú un dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ta gìrì, ó sì bú ramúramù.

Sítátà ká ọwọ́ kò. Ojú ìbejì dìde padà, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Típà náà rọra gun bèbè, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹran tó jáde látinú odò. Nígbà tí Jìnádù wẹ̀yìn wò, kò sí yanrìn mọ́ níbi tí wọ́n ti kúrò. Omi pupa ni, láti bèbè dé bèbè, igi odindi kan sì ń yí kiri nínú rẹ̀.

Lórí bèbè, ìyá fẹ́ dá ìbúra náà padà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, pé kí ìbejì máa kọ́kọ́ mu bíi tàtẹ̀yìnwá. Kẹ́hìndé kọ̀. Táyé tí ẹ̀rù ti bà náà kọ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ bí ó ṣe ń rí báyìí, pé kò pa àwọn. Fèrè alára kò pe Sítátà ní Ajẹ-kòkò-tán mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni iná iwájú ọkọ̀ ti ń wálẹ̀ bí sítátà bá ń jí ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ náà sì ni awakọ̀ tó gbọ́n kì í ti í gbé òòlù bí ó bá gbọ́ kà. Yóò kọ́kọ́ tan iná ná, yóò yí kọ́kọ́rọ́, yóò sì wo ojú ìbejì. Bí sítátà bá dún kà tí iná kò sì mira, ó lè jẹ́ sítátà tàbí wáyà tirẹ̀ ló ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ́n tó fẹ́ kú, yóò fi ọmọ sílẹ̀, yóò lọ yẹ àyà ìyá wò.

Ọkọ̀ ti gbàgbé èdè ènìyàn láti ìgbà náà, a kò sì gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá rí iná ọkọ̀ tó tẹrí ba kí ó tó gbéra, ìbejì ló ń bi ìyá wọn léèrè bóyá ó ti jẹun.